Kẹrosíìnì Inú Táńkì Bàbá Mi

Bàbá mi fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ọkọ̀ ńlá dúdú kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó dàgbà ju èmi gan-an lọ, ó sì ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ láti àárọ̀. Aládùúgbò wa ní Surulere, ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń tẹ̀wé ní Pápá Àjàó, ra ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n ṣe ní Japan. Lọ́jọ́ Sunday kan, ó ní, "Bàbá, gálọ́ọ̀nù kan á gbé tèmi dé ibi tí gálọ́ọ̀nù mẹ́ta ò lè gbé tiyín dé."

Bàbá mi dá a lóhùn lójú ìyàwó ọkùnrin náà pé, "Agolo lo rà."

Láti ọjọ́ náà, kíkí lásán ló kù láàárín wọn.

Nígbà tó yá, epo wọ́n. Ìlà ọkọ̀ ní ilé epo gùn títí dé ẹnu ọ̀nà onílé. Bàbá mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni tó fi bu kẹrosíìnì lu ìwọ̀nba pẹtiróòlù tó kù nínú táńkì rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan ni ikọ́ fée ki í mọ́lẹ̀ ní pálọ̀. Ìyá mi wà lọ́jà Sábó, oògùn bàbá mi sì ti tán. Ètè rẹ̀ ń dúdú. Èmi tó kọ́ ní ọkọ̀ wíwà ni mo fà á wọnú ọkọ̀, mo ṣáná sí i. Ọkọ̀ náà húkọ́, ó húkọ́, ó wá tú èéfín funfun jáde, òórùn kẹrosíìnì sì kún inú ọkọ̀. Èémí bàbá mi ń súfèé.

"Bàbá, kí lẹ dà sínú ọkọ̀ yìí?"

Ó na ìka sí ilé ìdáná, níbi tí sítóòfù wà. Ó yé mi. Ọkọ̀ náà sì kú mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́nu géètì.

Èéfín ti lé aládùúgbò wa jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ò lè mí!"

Ó sáré mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, a jọ gbé bàbá mi sẹ́yìn ọkọ̀ kékeré náà. Ẹ̀rù bà mí pé bàbá mi yóò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní agbára àtikọ̀.

Mo wo géèjì epo. Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pupa.

"Ṣé epo yìí á gbé wa dé ilé ìwòsàn ní Yaba?"

"Á gbé wa dé. Ìwọ ṣáà máa bá bàbá sọ̀rọ̀."

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo bá ń ka orúkọ gbogbo ibùdókọ̀ tí a ń kọjá sí i létí. Nígbà tí a dé ilé epo kan tí ìlà rẹ̀ dí ọ̀nà, àwọn tó tò síbẹ̀ rò pé a fẹ́ já ìlà. Ọkùnrin kan fi jẹ́ríkáànù dí wa lọ́nà, ó ń gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀!" aládùúgbò wa pariwo. "Ẹni tí ò lè mí ni mo gbé!"

Wọ́n yọjú wò ó. Àwọn fúnra wọn ló ti ọkọ̀ méjì sẹ́yìn kí a lè kọjá.

Wọ́n gún bàbá mi lábẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, èémí rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó kọ́kọ́ bi mí pé, "Ṣé epo ò tán lójú ọ̀nà?"

"Kò tán, Bàbá."

Ó di ojú.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ìyàwó aládùúgbò wa sọ fún mi lẹ́bàá ẹ̀rọ omi pé ìwọ̀nba epo ọjọ́ náà ni ọkọ òun tò fún ọjọ́ méjì kó tó rí, tó ń ṣe é jọ díẹ̀díẹ̀ láti fi lọ wo ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bọ́ọ̀sì ló padà wọ̀ lọ; ó bá ìyá náà láàyè.

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ó dé fìlà, ó rìn lọ sílé wọn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún nígbà tó padà wọlé.