Ojú Fèrèsé Ni Kí Ẹ Ti Máa Kí I

"Ọgọ́rùn-ún ọjọ́," ni dókítà wí. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ yàrá rẹ̀ àfi ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ti kọmíṣánnà láti ogún ọdún ó lé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn. Mo wá bi í ní ìbéèrè tó máa ń wá sí mi lẹ́nu: "Bí ẹlòmíràn bá wọlé ńkọ́?"

Ó gbójú sókè. "Ọmọ tí wọ́n bí lónìí lágbára jù ú lọ. Ikọ́ kan ṣoṣo lè pa á. Ṣé kí n tún un sọ?"

Mo ní kó má tún un sọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí.

Àbúrò mi obìnrin ni aláìsàn náà. Ìyá kan náà, bàbá kan náà. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ifẹ̀ níbí. Imú ló kọ́kọ́ ń ṣẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ni àpá dúdú dúdú ń yọ lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fara gbá nǹkan kan. Wọ́n ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Wọ́n fún un lóògùn, àìsàn náà lọ; kò pé ọdún kan, ó padà dé. Ìgbà yẹn ni a kọ́kọ́ gbọ́ nípa ohun tí dókítà ń pè ní irúgbìn ẹ̀jẹ̀. Ó ní inú mùdùnmúdùn eegun ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, àti pé ti àbúrò mi ti bàjẹ́. Wọn yóò fi oògùn líle pa gbogbo rẹ̀ run, wọn yóò gba irúgbìn lára ẹlòmíràn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, wọn yóò sì fà á sí i lára, kí ẹ̀jẹ̀ tuntun lè hù.

"Bí kò bá hù ńkọ́?" ni àbúrò mi bi í.

"A ò ní lè dá ti àtijọ́ padà," ni dókítà dá a lóhùn.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe é kò sí ní Ifẹ̀. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wá ṣàyẹ̀wò. Àwa mẹ́tàdínlógún la sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kà wá, ó tún wa kà.

"Ṣé ìyá kan náà ló bí gbogbo yín?"

Ní agboolé wa ní Òkèrèwè ní Ifẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni gbogbo wa ń pe ara wa, ìyá yòówù kó bí wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tí gbogbo agboolé ń pè ní Alájà, tó bá wa wá, ló dá nọ́ọ̀sì lóhùn. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú.

"Èmi ni mo wẹ gbogbo wọn. Èwo ló tún kù tí ẹ fẹ́ mọ̀?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Ó rọra ní kí àwọn tí ìyá mìíràn bí lọ jókòó sí apá kan. Àwa mẹ́ta péré ló kù lórí ìdúró. Ọ̀kan nínú àwọn tó lọ jókòó ń sunkún, ó ní, "Ṣé pé èmi kì í ṣe àbúrò rẹ̀ mọ́?" Nínú àwa mẹ́ta, èmi nìkan ni tèmi bá tirẹ̀ mu.

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi gún mi lábẹ́rẹ́ tó ń mú kí irúgbìn náà jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ìbàdí ń ro mí débi pé n kò lè jókòó kọ̀wé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ fa ẹ̀jẹ̀ jáde ní apá mi kan. Ẹ̀rọ yọ ohun tó fẹ́, ó dá ìyókù padà sí apá kejì. Ohun tí wọ́n rí gbà ní odidi ọjọ́ kan kò kún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan. Mo ń wò ó bó ṣe ń kán sínú àbúrò mi, mo ń ronú pé bí nǹkan kan bá wà lára mi tí kò dára, ó ti ń wọ inú rẹ̀ lọ báyìí.

Káfíńtà kan láti Ẹdẹ wà ní yàrá kejì. Irúgbìn ara tirẹ̀ ni wọ́n gbà pamọ́ kí wọ́n tó fún un lóògùn líle, wọ́n sì ti dá a padà sí i lára. Mo bá a sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ìbòmú lójú mi.

"Wọ́n sọ fún mi pé màá dà bí ọmọ tuntun," ni ó wí. "Inú mi dùn. N kò rántí pé ọmọ tuntun ò lè gbé ṣíbí."

Mo bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á.

"Ti oògùn kọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, mo ń lọ sílé. Ṣé ẹ mọ iye èèyàn tó wà nílé wa?"

Mo mọ iye tó wà nílé tiwa. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbé àbúrò mi lọ sí Òkèrèwè nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀. Àgbàlá kan, balùwẹ̀ méjì, èèyàn tó lé ní ogójì. Ilé mi ní Ilare ni mo gbé e wá. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ kó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Èmi nìkan ló kù tì í. Mo ń fọ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Mo ń se gbogbo omi tó bá máa mu. Róbà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láyà rẹ̀ tí wọ́n ń gbà fún un lóògùn; èmi ni mo ń tọ́jú ẹnu róbà náà láràárọ̀. Eṣinṣin ń bà mí lẹ́rù. Èso tí wọn kò bó ń bà mí lẹ́rù. Bí àbúrò mi bá kàn sín, màá sáré wọn ìgbóná ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tí kò bá wá kí aláìsàn ní ohun tó ń fi pamọ́. Bí aláìsàn bá sì kú, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá. Torí náà wọ́n ń wá. Ìwọ̀nba márùn-ún lọ́jọ́ kìíní, mẹ́wàá lọ́jọ́ kejì. Mo gbé àga méjì sí ìta lábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀, mo ní ojú fèrèsé ni kí wọ́n ti máa kí i, lẹ́yìn àwọ̀n ẹ̀fọn. Wọ́n kọ́kọ́ bínú. Nígbà tó yá, ó mọ́ wọn lára. Wọn á jókòó, wọn á máa pariwo bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lódìkejì odò.

"Jẹ́ kí n rí orí yẹn!" ni àbúrò bàbá wa kan wí nígbà tó rí i pé irun rẹ̀ ti re tán. "Háà! Ó ti dà bíi tèmi. Kí wọ́n tètè pín ogún, kó má lọ gba ìpín mi."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù mẹ́ta nìyẹn.

Alájà nìkan ni ojú fèrèsé kò tẹ́ lọ́rùn. Ó dúró lábẹ́ rẹ̀, ó di irin fèrèsé mú, ó tẹ́tí.

"Ẹ káàbọ̀, Alájà," ni àbúrò mi wí láti inú ilé. "Mo wà níbí. Ara mi ń yá."

"Ohùn nìyẹn," ni Alájà wí. "Fóònù náà máa ń ní ohùn. Ọwọ́ mi ni mo fi ń ríran báyìí. Ṣílẹ̀kùn fún mi."

"Dókítà ò gbà, Alájà."

"Dókítà ò mọ̀ mí. Ìwọ mọ̀ mí." Ó yíjú sí ibi tí ohùn mi ti ń wá. "Ìwọ oníwèé ìròyìn, ṣé èmi ni àjẹ́ tí ẹ ń tìlẹ̀kùn mọ́?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó yíjú padà, ó lọ, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin fà á lọ́wọ́ dání.

Ní ọjọ́ kọkànlélógójì tí irúgbìn náà ti wọ ara rẹ̀, mo jáde lọ gba oògùn ní òpópónà Fásitì. N kò lò ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí mo dé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Alájà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lórí àbúrò mi, ó ń rọra fi ọwọ́ wá etí rẹ̀, ọrùn rẹ̀, eegun èjìká rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Kò sí ìbòmú lójú ẹnikẹ́ni.

Alájà wúkọ́.

"Ẹ jáde!" ni mo ké. N kò tíì sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà rí. "Ẹ jáde kúrò níbí!"

Ó dìde, ó fi ọwọ́ tọ ògiri dé ẹnu ọ̀nà. Àbúrò mi wò mí.

"Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n mi. Ogójì ọjọ́, ìbọ̀wọ́ róbà nìkan ló ń fọwọ́ kàn mí. Ó ń ṣe mí bí òkú tí wọ́n ń wẹ̀."

Mo da omi gbígbóná sí gbogbo ilẹ̀ náà.

Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, òtútù mú un. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Mo wọn ìgbóná ara rẹ̀: ó ti kọjá méjìdínlógójì. Dókítà ti ní bó bá ti lè dé ibẹ̀, kí n má jókòó. Nínú takisí tó ń gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ní Ifẹ̀ níbí, orí rẹ̀ wà lórí itan mi, ó gbóná bí ìkòkò. Mo pe agboolé.

"Ẹ sọ fún Alájà pé ikọ́ rẹ̀ ló fẹ́ pa á," ni mo wí.

N kò mọ̀ pé wọ́n ti gbé ohùn fóònù náà síta. Gbogbo àgbàlá ló gbọ́. Alájà gbọ́.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti fi wá kòkòrò tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fún un lóògùn kí èsì tó dé. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó ń sọ ìsọkúsọ, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró kí wọ́n dáhùn. Mo ń gbọ́ ọ. Mo ń sọ fún ara mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ló wà nínú rẹ̀, kó má jẹ̀ẹ́ kó lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, dókítà ọ̀dọ́mọbìnrin kan pè mí.

"Ta ló ń tọ́jú ẹnu róbà àyà rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń ṣe é fún mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo sọ ọ́: mo ń fọwọ́, mo ń wọ ìbọ̀wọ́, mo ń fi òwú àti sípíríìtì nù ún, mo ń dí i padà.

"Lójoojúmọ́? Kò sí ọjọ́ tí nǹkan kan dá yín dúró?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Mo wá rántí àárọ̀ kan. Ọ̀gá mi ní ilé iṣẹ́ ìròyìn pè, ó fẹ́ kí n yí àkọlé ìròyìn kan padà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi, ẹnu róbà náà wà ní ṣíṣí. Mo mú fóònù, mo bá a sọ̀rọ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì bá iṣẹ́ mi lọ.

"Pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Kò bínú. Ìyẹn ló le jù. "Kòkòrò tí a rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ara awọ èèyàn ló máa ń wà," ni ó wí. "Ẹnu róbà yẹn ló gbà wọlé. Kì í ṣe ti ikọ́. A ó yọ róbà náà kúrò lónìí."

Wọ́n yọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ara rẹ̀ tutù. Ó lajú, ó ní òun fẹ́ mu ògì. Mo ń sunkún, ó ní kí n má pariwo, pé àwọn aláìsàn ń sùn.

Ìgbà tí mo jáde síta ni fóònù dún. Ọmọ ọmọ Alájà ni, èyí tó máa ń fà á lọ́wọ́.

"Bọ̀dá, Alájà ò jẹun láti ọjọ́ tí ẹ pè. Omi díẹ̀ ni wọ́n ń mu. Wọ́n ní bí àǹtí bá kú, àwọn làwọn pa á. Àwọn tó wà nínú agboolé náà ò sì bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́."

Ọ̀kadà ni mo gùn lọ sí Òkèrèwè. Alájà jókòó sórí ẹní ní ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ti rù ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Àwọn èèyàn wà káàkiri àgbàlá, ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ṣé ó ti kú?" ni ó bi mí.

"Kò kú, Alájà. Ara rẹ̀ ti tutù. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é. Èmi ni. Ọwọ́ mi ni mo fi kó kòkòrò ràn án."

"Tún un sọ."

"Èmi ni, Alájà."

"O ń sọ ọ́ sí mi létí. Bó o ṣe sọ tèmi kọ́ nìyẹn. Dìde dúró."

Mo dìde. Mo dojú kọ àgbàlá, mo sì sọ ọ́ lóhùn tó dé ìta: pé ikọ́ Alájà kò pa ẹnikẹ́ni lára, pé ẹ̀bi mi ni, pé àìfarabalẹ̀ mi ló fẹ́ pa àbúrò mi. Ẹnì kan lẹ́bàá kànga ní, "Háà, oníròyìn!" Ẹlòmíràn ní kó panu mọ́. Ìyàwó ilé kan gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún Alájà.

Kò tíì fọwọ́ kàn án. "Ṣé yóò yè?"

Nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ dókítà, méjìléláàádọ́ta ló kù. Mo ti fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"N kò mọ̀, Alájà."

Ó mi orí. "Èyí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbà gbọ́ lẹ́nu rẹ láti oṣù yìí wá," ni ó wí, ó sì na ọwọ́ wá ife ẹ̀kọ náà. Mo fi lé e lọ́wọ́. Mo dúró títí ó fi mu ún tán, kí n tó padà sí ilé ìwòsàn.