Òrùka Tí Ẹ Máa Ń Bọ́ Nítorí Ọ̀sà

Ó dìgbà kan ná o, Bàbá Tómi, olówó orí mi! Ọ̀mọ̀wé tó ń bi ẹrẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, tí ẹrẹ̀ sì ń dá a lóhùn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ilé wa ní ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà, ta ni ẹ wá fi mí sílẹ̀ fún?

Àwọn obìnrin mìíràn ń jowú obìnrin ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀sà ni orogún tèmi. Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́ dáadáa, ẹ ti wà lójú omi lẹ́yìn ìlú Lákọwé, ẹ ń fi ọ̀pá oníke fa ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀sà sókè. Ẹ ṣàlàyé fún mi títí: odò kọ̀ọ̀kan ló ní irin wẹ́wẹ́, tí ojú lásán kò lè rí, tó ń kó bọ̀ láti ilẹ̀ tó ti ṣàn kọjá. Ẹni tó bá mọ irin inú ẹrẹ̀ yóò mọ odò tó gbé e wá, yóò sì mọ ibi tí ẹrẹ̀ náà yóò ti dí omi lọ́nà lọ́jọ́ iwájú. "Ẹrẹ̀ kì í gbàgbé ilé tó ti wá," bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń wí. Ẹ̀yin lẹ kìlọ̀ fún àwọn ará Lákọwé kí omi tó ya wọlé. Wọ́n ń gbàdúrà fún yín, èmi ń di oúnjẹ tí ẹ máa jẹ lójú omi.

Ohun tó dùn mí jù ni òrùka. Nítorí pé irin tàbí wúrà kankan kò gbọdọ̀ kan ẹrẹ̀ yẹn, ẹ máa ń bọ́ òrùka ìgbéyàwó wa sórí tábìlì kí ẹ tó jáde. Ọkọ ta ní ń bọ́ òrùka kó tó lọ bá ẹlòmíràn, tí ìyàwó rẹ̀ á tún sìn ín dé ẹnu ọ̀nà?

Lọ́jọ́ kan tí mo bá yín lọ, mo gbàgbé tèmi sọ́wọ́, mo sì ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ náà. Ẹ ò bínú. Ẹ rọra dà á nù, ẹ ní, "Ìyá Tómi, wúrà rẹ ti wọ inú ẹrẹ̀ yìí. Ìwọ ni yóò máa dárúkọ báyìí, kì í ṣe odò." Èmi ni mo bínú délé.

Nígbà tí ẹ kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín gbé ìgò ẹrẹ̀ kan wá, wọ́n ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sínú pósí Prof." Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ní ọ̀sà ti gba gbogbo Sátidé mi, kò ní bá ọkọ mi dé ibojì. Ọmọ wa bẹ̀ mí, mo fajú ro. Ìgbà tí mo rántí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́ tí òrùka mi kan ẹrẹ̀ ni mo tó gbà.

Èmi fúnra mi ni mo fi òrùka wọ̀ yín lọ́wọ́. Mo ṣí ìgò náà, mo da ẹrẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ yín, ó kan òrùka náà dáadáa. Ọ̀sà, máa bá ọkọ mi lọ. Ẹni tó bá yẹ ẹrẹ̀ rẹ wò lọ́la, èmi Fọláṣadé ni ẹrẹ̀ náà yóò dárúkọ fún un.

Ẹ sùn re o, ọkọ mi. Ẹ má bọ́ òrùka yẹn mọ́.