Omi Tó Ga Ju Ìlà Lọ

Ọkùnrin tó ń ya fọ́tò nílé wa, Máṣílẹ̀kùn là ń pè é. Bó bá ti wọ yàrá òkùnkùn rẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń fọ fíìmù, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá níwájú ibẹ̀ á gbọ́ ọ: "Má ṣílẹ̀kùn o!" Kódà kó jẹ́ adìẹ ló ń kọjá.

Èmi ni mo bá a fi bíríkì dí fèrèsé yàrá náà. Mọlémọlé ni mí kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé yàrá méjì iwájú. Àǹtí ni gbogbo wa ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Kò fẹ́ràn ìdọ̀tí.

Ooru ni ọ̀tá Máṣílẹ̀kùn. Bí kẹ́míkà tó fi ń fọ fíìmù bá gbóná jù, awọ fíìmù á rọ̀, á hunjọ bí awọ orí mílíìkì gbígbóná. Bó bá ti bàjẹ́, ó bàjẹ́ náà nìyẹn. A ò ní fíríìjì. Yìnyín tó rà ti di omi kó tó délé. Ló bá gbé àmù kan sẹ́yìn ilé, sínú òjìji. Àmù á làágùn, omi inú rẹ̀ á fà díẹ̀díẹ̀, èyí tó kù á tutù. Inú rẹ̀ ló ń ki ìgò kẹ́míkà bọ̀.

Ọdún kan, àmù kọ̀, kò tutù. Fíìmù méjì bàjẹ́. Ó ki ọ̀pá díńgí tí wọ́n fi ń wọn ooru bọ inú omi. Mẹ́rìnlélógún ló yẹ kó rí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló rí. Ó ní ọ̀pá ń parọ́. Ó wá yìnyín díẹ̀, ó ki ọ̀pá náà bọ inú rẹ̀. Ọ̀pá lọ sí òdo, ó dúró gbọin.

Ọ̀pá ò parọ́. Ó wá ku èèyàn.

Orí mi ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá Mọlémọlé, ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó lẹ́yìn ilé."

"Àga mi ló wà níbẹ̀."

"Ẹ ò fi omi àmù mi wẹ̀?"

"Wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ ẹni tó wẹ̀ lónìí?"

Ó wò mí lóòótọ́, láti orí dé ẹsẹ̀, ó lọ. Inú bí mi. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, èmi náà ń ṣọ́ gbogbo ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ilé kọjá, àfi lọ́sàn-án tí mo bá ń sùn.

Fíìmù kẹta ló ń dẹ́rù bà á. Ó ya ìyá obìnrin aránṣọ tó wà ní òdìkejì wa, lórí bẹ́ẹ̀dì àìsàn. Ọjọ́ kẹrin, ìyá kú. Wọn ò ya ìyá náà rí láyé rẹ̀. Inú fíìmù yẹn nìkan ni ojú rẹ̀ kù sí. Ojoojúmọ́ ni aránṣọ ń wá, téèpù lọ́rùn.

"Bọ̀dá, ẹ ò tíì fọ̀ ọ́?"

"Ooru ni."

"Ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

Kò lè wo ojú rẹ̀. Obìnrin náà lọ, kò dágbére.

Lọ́jọ́ kejì Máṣílẹ̀kùn fi ìṣó ha ìlà sínú àmù níbi tí omi dé. Bí ẹnì kan bá bù ú, omi á wálẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ó pè mí. Omi ti fi ìka méjì ga ju ìlà lọ.

A wo ara wa. Ẹni tó ń jí omi, a mọ irú rẹ̀. Ta ló ń bu omi kún omi olómi?

"Wọ́n ń da nǹkan sí i," ló sọ sí mi létí. Ó ń wo ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò kejì tó wà lójú títì, ẹni tí wọ́n jọ ń du oníbàárà. Èmi náà wo ibẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, àwa méjèèjì sá pamọ́ sí yàrá òkùnkùn, a fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Òógùn ń bọ́ sí mi lójú. Ó ní kí n má mí sókè. Ẹsẹ̀ ń bọ̀. Igbá ha àmù nínú. Máṣílẹ̀kùn fò jáde.

"Àǹtí!"

Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yéè! Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Bàbá Mọlémọlé, kí lẹ̀yin náà ń wá nínú òkùnkùn?"

"Kí lẹ̀ ń fi omi mi ṣe?"

"Omi tó ti sùn! Omi tó ń pe ẹ̀fọn! Mo fi fọ ilẹ̀, mo fi tuntun rọ́pò. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe é látìgbà tí ooru ti bẹ̀rẹ̀. O ò dúpẹ́ rí."

Máṣílẹ̀kùn ti ọwọ́ bọ garawa omi tuntun tí Àǹtí gbé wá, ó yọ ọ́ kíá. Láti inú táńkì orí òrùlé lomi náà ti wá, oòrùn ti sè é.

"Ẹ ti pa fíìmù méjì, Àǹtí. Ìyá aránṣọ ló kù."

Àǹtí jókòó sórí àga mi. "Èmi ni mo nu ojú ìyá yẹn kó o tó yà á," ló wí.

Ọjọ́ mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan àmù. Omi wálẹ̀ kọjá ìlà. Ọ̀pá ní mẹ́rìnlélógún. Máṣílẹ̀kùn wọ yàrá òkùnkùn. Àwa mẹ́ta jókòó síta, aránṣọ ń wé téèpù mọ́ ìka.

"Ẹ má ṣílẹ̀kùn o!"

"Ta ló fẹ́ ṣí i?" ni Àǹtí wí.

Nígbà tó jáde, ó na fíìmù tútù sí oòrùn. Awọ rẹ̀ jọ̀lọ̀. Aránṣọ wò ó títí.

"Ojú màmá mi funfun, irun funfun rẹ̀ wá dúdú."

"Bí fíìmù ṣe máa ń rí nìyẹn. Á yí padà lórí ìwé fọ́tò."

"Ó ń rẹ́rìn-ín," ló wí, ó sì fi téèpù nu ojú.

Máṣílẹ̀kùn ò bẹ̀ mí títí dòní. Àǹtí ló ń ṣọ́ àmù báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ìṣó ha ìlà. Àbúrò rẹ̀ gan-an ò lè gbé garawa kọjá kó má bi í léèrè. Lánàá mo jáde pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì tútù léjìká. Àǹtí dá mi dúró, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàbá Mọlémọlé, níbo lẹ ti rí omi wẹ̀?"