Ọjọ́ Àìkú tí Ràsákì Tú Ẹ́ńjìnnì

Ọwọ́ Ràsákì Àdìó kì í dilẹ̀. Ọmọ Ìwó ni, abọ́ tánganran ló ń tà ní ọjà ńlá Onitsha. Ogun abẹ́lé ló lé e lọ sílé. Nígbà tí wọ́n sì tún afárá odò Ọya ṣe, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba orí rẹ̀ padà, tòun ti ẹrù àti ìyàwó. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nínú ilé, òun ni yóò tún un ṣe. Ó tún rédíò ṣe, rédíò sì ń sọ̀rọ̀, àmọ́ iléeṣẹ́ Kàdúná nìkan ló ń gbé wá. Ó tún fáànù ṣe, fáànù ń fẹ́, àmọ́ ògiri ló ń fẹ́ sí. Súlìyát ìyàwó rẹ̀ kì í bá a jà. Yóò kàn ní, "Bàbá Bílíkísù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ó ti kú tán?"

Lọ́dún tó tẹ̀lé owó Údọ́jì tí ìjọba fi kún owó oṣù, tí gbogbo ayé ń ra mọ́tò bí ẹni ra àkàrà, Ràsákì náà ra tirẹ̀, mọ́tò kékeré aláwọ̀ ewé kan láti ìlú Ìtálì. Ọláwọlé, ọ̀dọ́kùnrin ará Ìjẹ̀bú tí báńkì gbé wá sí Onitsha, ní irú rẹ̀ gan-an, àfi pé pupa ni tirẹ̀. GRA ló ń gbé, kò tíì níyàwó, nítorí náà bó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ilé Ràsákì ló ń wá láti wá jẹ ẹja tí Súlìyát bá sè. Bí wọ́n bá jẹun tán, àríyànjiyàn mọ́tò ló kù: ṣé ewé ló dára jù ni, àbí pupa?

Àfi bí mọ́tò Ràsákì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tí omi ń kán lábẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní wọ́tà pọ́ǹpù tó ń ti omi káàkiri inú ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́, omi tó ń jò sì ti ba táímìn-bẹ́ẹ̀tì jẹ́, ìyẹn okùn eléyín tó so òkè ẹ́ńjìnnì mọ́ ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè máa yí pọ̀ láìṣìnà. Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ méjèèjì. Ràsákì ra méjèèjì, ó fi wọ́n há abíyá, ó forí lé ilé.

"Ta ni yóò dè wọ́n?" Súlìyát bèèrè.

"Ta lo rò?"

Súlìyát bojú wo rédíò.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ọjà tì, àwọn aládùúgbò sì ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ràsákì ní kí wọ́n tó dé, òun á ti máa wa mọ́tò òun kiri. Ó da omi sílẹ̀, ó tú ìdérí iwájú ẹ́ńjìnnì, ó fẹ́ yọ bẹ́ẹ̀tì kúrò lára àwọn àgbá eléyín, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀.

"Ṣé ẹ ò ní fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí àwọn àgbá eléyín yìí kọjú sí?" ni Súlìyát wí.

"Ó ti wà nínú ọpọlọ mi."

Pọ́ǹpù àtijọ́ gan-an ló fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Ó fà á, ó tì í, ó fi ẹsẹ̀ ti mọ́tò, kó tó já. Tuntun wọlé wẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ń súfèé, ó fi bẹ́ẹ̀tì tuntun kọ́ àwọn àgbá náà, ó sì fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kó lè rí i bó ṣe ń lọ. Kọ́! Irin kan kọlu irin nínú lọ́hùn-ún. Ó tún un yí jẹ́jẹ́. Kọ́! Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé ìgbọ̀nwọ́ òun ti yí àgbá òkè níbi tó ti ń bá pọ́ǹpù jìjàkadì. Ibo ló kọjú sí tẹ́lẹ̀? Ọpọlọ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan.

"Kí ló ń dún bẹ́ẹ̀?" Súlìyát bèèrè.

"Ó jọ pé ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn," ni Ràsákì wí. Bó bá fi kọ́kọ́rọ́ sí i pẹ́nrẹ́n nígbà tí òkè àti ìsàlẹ̀ kò bára mu, ẹ́ńjìnnì lè fọ́.

Àwọn aládùúgbò dé. Màmá Nkechi tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fi Ìgbò bi í pé ṣé ibẹ̀ ló ṣì wà. Ó fi Ìgbò dá a lóhùn pé ó ku díẹ̀. Ibẹ̀ ni mọ́tò pupa ti fọn fèrè wọlé. Ọláwọlé bọ́ sílẹ̀ nínú dàńṣíkí funfun báláú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ewé ti rọ ni?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ràsákì sọ fún un pé ẹni tí kò lè tú mọ́tò ara rẹ̀, ọmọdé ni.

"Káàbọ̀, àbúrò mi dáadáa."

Ọláwọlé dúró. Kò gbọ́ irú ohùn yìí rí. "Kí lẹ fẹ́?"

"Mo fẹ́ ṣí iwájú mọ́tò rẹ wò."

"Mọ́tò mi tí ara rẹ̀ yá?"

"Torí pé ara rẹ̀ yá ni."

Ọláwọlé wo àwọn bóòtù àti nọ́ọ̀tì tó wà káàkiri orí ẹní tí Ràsákì tẹ́ sílẹ̀, ó di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú gírígírí. Súlìyát yọjú láti ilé ìdáná: "Ọláwọlé, ẹja ti jinná o. Àmọ́ ọwọ́ onílé ò tíì mọ́, a ò sì lè jẹun kó má bá wa jẹ ẹ́."

Ẹja náà ń ta sánsán. Ọláwọlé ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ojú lásán lẹ máa fi wò ó o! Ẹ má fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀tì mi!"

Wọ́n ṣí ìdérí òkè nìkan, wọ́n fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì títí àmì tí ilé iṣẹ́ fi sí ìsàlẹ̀ fi bọ́ sójú ilà rẹ̀, wọ́n sì rí ibi tí àmì àgbá òkè kọjú sí. Ó wá ku ti aláwọ̀ ewé. Ràsákì yọ bẹ́ẹ̀tì, ó ń yí àgbá; Ọláwọlé ń sáré láàárín mọ́tò méjèèjì. "Ó ku eyín kan! Ó ti kọjá! Ẹ dá a padà!" Nígbà tí àmì fi máa bára mu, apá dàńṣíkí ti dúdú, kò sì tiẹ̀ mọ̀. Ràsákì de bẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, ó tún un yí. Kò sí kọ́. Wọ́n bu omi sí i, Ràsákì ṣe bísímílà, ó ṣíná. Ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbá múṣé. Màmá Nkechi pàtẹ́wọ́. Àwọn ọkùnrin méjèèjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ń wo abẹ́ mọ́tò bóyá omi ń kán. Omi kankan kò kán.

"Àbúrò, mi ò bá tí lè dá a ṣe," Ràsákì rọra wí.

"Ẹ ní kí ni?" Súlìyát bèèrè. Eré ló ń fi í ṣe, ó ti gbọ́. Ràsákì tún un wí sókè.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Ràsákì gbé Súlìyát kọjá afárá lọ sí Àsàbà, ó sì ń fetí sí ẹ́ńjìnnì. Ó retí kí ìyàwó yìn ín, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Súlìyát ti sùn lọ fọnfọn. Ó jí i.

"O ò tiẹ̀ gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún?"

"Mo gbọ́," ni Súlìyát wí, ó tún dijú. "Bí kì í bá ṣe pé ó ń dún dáadáa, ṣé ẹ rò pé mo lè sùn?"