Báríkà Baba Onílé

Ẹni tó bá dé àdúgbò Dapoya nílùú Wágà, nílẹ̀ àwọn Mọ̀ǹsí, kó béèrè Mẹ́tìrì. Kò ní í béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà mi. Bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ níbí nìyẹn, èmi sì ni olùkọ́ náà. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà nílé kí bàbá mi tó ní kí n wá máa tẹ̀lé òun lọ sóko, ṣùgbọ́n bí mo bá tú Gẹ̀ẹ́sì ẹnu mi sílẹ̀ ní Wágà, àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí ńlá á dákẹ́, wọ́n á máa gbọ́. Páàtì alùpùpù ni mo kọ́kọ́ ń tà ní Zangouettin. Nígbà tí wọ́n wó àdúgbò náà, mo ra pátákó dúdú kan, mo gba yàrá méjì ní Dapoya, mo fi ọ̀kan sùn, mo fi ọ̀kan ṣe kíláàsì. Àwọn tí mo kọ́ ti dé Àkìrá, wọ́n ti dé Èkó, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n wá dúpẹ́. Ta ló tún ṣe irú ẹ̀ láìlọ sí yunifásítì?

Ẹnì kan ṣoṣo ni n kò lè fọ́nnu sí lójú, ìyàwó mi ni. Wágà ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀, Mọ̀ǹsí ni ìyá rẹ̀. Mòré, èdè àwọn Mọ̀ǹsí, ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ilá, ó ń sọ Yorùbá, ó ń sọ Faransé, a sì máa pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú gbólóhùn kan bí inú bá ń bí i. Òun ló ń lọ ọjà. Òun ló ń bá onílé sọ̀rọ̀. Èmi kì í ná nǹkan, n kò tilẹ̀ mọ iye tí wọ́n ń ta tòmáàtì. Kí ló kàn mí? Mo ní ìyàwó.

Ó gbé firísà sí igun kíláàsì mi, ó ń ta bísáàpù, èyí tí ará ilé ń pè ní sóbò. Òdòdó ìṣápá pupa ni, ó máa ń sè é pẹ̀lú atalẹ̀ àti ewé míǹtì, á rọ ọ́ sínú ọ̀rá kéékèèké, á jẹ́ kó dì. Àwọn mìíràn máa ń ta ọ̀rá fúnra rẹ̀ ní kókó. Tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àjákù aṣọ tó ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ máṣíìnì obìnrin aránṣọ tó wà nínú àgbàlá wa ló ń ṣà, á ya á tẹ́ẹ́rẹ́, á fi so ẹnu ọ̀rá. Òmíràn àdìrẹ, òmíràn léèsì, òmíràn àǹkárá. Ó ní kí èèyàn lè mọ tòun láàárín ẹgbẹ̀rún ni.

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bá parí Gẹ̀ẹ́sì tán, wọ́n á tò sí iwájú firísà. Á máa rẹ́rìn-ín.

"Mẹ́tìrì mi, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì yín ni wọ́n fi ṣe àwáwí."

"Kí wọ́n máa bọ̀. Ṣé kì í ṣe abẹ́ òrùlé kan náà ni?"

Ibà ló pa á, nígbà òjò. Orí ń fọ́ ọ lọ́jọ́ tó so èyí tó gbẹ̀yìn, ó sì so gbogbo rẹ̀ tán kó tó lọ dùbúlẹ̀. A sin ín. Àwọn aláàdúà wá, wọ́n lọ. Nígbà tí ilé dá, mo ṣí firísà. Ó kún dé ìdajì. Kókó aṣọ wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ń wò mí láti inú yìnyín.

Mo dé e padà. Mo fi ágádágodo sí i, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò mi. N kò tà á, n kò mu ún, n kò fi ṣe sàráà. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe so ó ni mo fẹ́ kó wà. Ilé tí mo fẹ́ kọ́, mọ́tò tí mo fẹ́ rà, gbogbo rẹ̀ bọ́ lójú mi. Kí firísà yẹn ṣáà máa tutù ni ohun tí mo ń tọrọ láyé.

Ẹnu ọ̀nà márùn-ún ló wà nínú àgbàlá wa, mítà kan ni gbogbo wa sì ń lò. Bí fàkítúù, ìyẹn bíìlì iná, bá dé, baba onílé á mú un wá sábẹ́ igi dóńgóyárò, a ó pín in. Kò sí ìjà níbẹ̀ rí, àfi nígbà tí ooru dé lọ́dún tó tẹ̀lé ikú ìyàwó mi. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí ooru Wágà, ẹ kò ní í mọ̀: ògiri ń gbóná lóru, omi ìkòkò ń gbóná lọ́sàn-án. Fáànù gbogbo ilé ń yí bí arúgbó. Bí fáànù bá sì ti pọ̀ mọ́ firísà mi, mítà á já, gbogbo wa á wà lókùnkùn.

Aránṣọ yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wágà ni wọ́n bí òun náà sí, kò tíì tó ọmọ ogójì ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

"Bùrọ̀dá Mẹ́tìrì, ẹ má bínú o. Firísà yín yẹn, ẹ ò ta nǹkan kan mọ́. Òfìfo ni. Òfìfo ń mu kúràǹ iná, èmi ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì!"

"Ta ló sọ fún ọ pé òfìfo ni?"

"Kí ló wà níbẹ̀ nígbà náà? Ẹ ti í pa bí báǹkì. Àbí òkú lẹ ń tọ́jú síbẹ̀ ni?"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ó ń ṣàwàdà ni, mo mọ̀. Ó sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú ju àwọn ẹbí lọ. Èmi tí mo ń fi ẹnu mi jẹun, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò sọ fún wọn. Kí n sọ kí ni? Kí èmi, Mẹ́tìrì, dúró láàárín àgbàlá kí n máa sọ pé nítorí ọ̀rá bísáàpù ni? Ọkùnrin tó bá ń ṣọ̀fọ̀, kó ṣọ̀fọ̀ nínú yàrá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, n kò sì tíì rí ẹni tó tọ́mọ ju bàbá mi lọ.

Baba onílé fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pè wá jọ. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni, Mọ̀ǹsí pọ́ńbélé, ó ga, kì í gbé ohùn sókè. Ọmọ òun ló máa ń pe ìyàwó mi. Ó rọra bá mi sọ Faransé, nítorí ó mọ̀ pé Mòré mi kò jìnnà.

"Mẹ́tìrì, ooru pọ̀. Àwọn ọmọdé kò rí orun sùn. Paná firísà yìí títí òjò yóò fi dé."

Èmi kì í jẹ́ kí ojú mi sọ ohun tó wà níkùn mi. Mo dìde, mo gbá agbádá mi sí èjìká.

"Baba, ẹ fetí sílẹ̀. Láti òní lọ, ìpín ẹnu ọ̀nà méjì ni kí ẹ máa kà sí mi lọ́rùn nínú fàkítúù. Bí ẹ bá ní mẹ́ta, mo gbà. Ẹ jẹ́ kí wáyà mi wà níbi tó wà."

Baba wo ilẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ fa ìlà kékeré kan sínú erùpẹ̀, ó tún pa á rẹ́.

"Báríkà," ó ní.

Háà! Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo gbọn ọ́n. Báríkà! Ìyàwó mi kì í yé sọ ọ́: wọ́n fún un ní ṣéńjì, báríkà, wọ́n bá a gbé ẹrù, báríkà. Wọ́n ń fi dúpẹ́ ní Mòré. Ó sì tún jọ àlùbáríkà tiwa, àdúà ni. Mo ní, "Àmín, Baba. Àlùbáríkà á wọlé gbogbo wa." Baba wò mí pẹ́. Aránṣọ la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún tẹrí ba sí òwú tó ń tú. Mo rò pé ojú ló ń tì í.

Ọjọ́ kejì ni mo gun alùpùpù mi lọ sí Ouaga 2000, àdúgbò àwọn olówó. Madame kan wà níbẹ̀, ilé rẹ̀ tóbi ju ààfin ọba ìlú wa lọ. Ó fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Gẹ̀ẹ́sì kò sì sí lẹ́nu rẹ̀, ni wọ́n bá wá mi kàn. Wọ́n fún mi ní yàrá, wọ́n ní kí n sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí n lè máa kọ́ ọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ta ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún? Mo sùn nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ, ọkàn mi sì balẹ̀. Baba onílé ti wí báríkà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kẹ́yìn, a wà nídìí tábìlì, mò ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹun lọ́dọ̀ òyìnbó.

"Madame, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá tí ẹ kò fẹ́, ẹ má kàn mi orí. Ẹ ó ní, Nóò, táńkíù."

"Nóò, táńkíù." Ó rẹ́rìn-ín. "Kí n kọ̀ ọ́, kí n tún dúpẹ́? Mẹ́tìrì, báríkà wa gan-an nìyẹn."

"Báwo?"

"Ọjà ńkọ́! O pe iye kan, owó rẹ kò tó. Ẹni tó ní ọjà kò ní í sọ pé rárá, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Á ní báríkà. Ìwọ náà á gbé àpò rẹ, o ó máa lọ. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Láti ìgbà tí ẹ ti wà ní Wágà?"

Síbí bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Madame, báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tí wọ́n ń wí?"

"Bí o bá fún un ní nǹkan tó gbà á, ó dúpẹ́ nìyẹn. Bí kò bá gbà á, ó kọ̀ nìyẹn."

Mo béèrè pé àgbàlagbà ńkọ́. Ó ní àgbàlagbà ló tilẹ̀ ń sọ ọ́ jù.

N kò rántí bí mo ṣe dágbére. Oòrùn ń jó mi lórí lórí alùpùpù, mo ń gba àárín ọkọ̀ kọjá, mo ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ ní ohùn òkè. Mo ní, ìwọ ìbá ti sọ fún mi. Bí o bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lábẹ́ igi yẹn, ìwọ ìbá ti fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà.

Èrò pọ̀ nínú àgbàlá nígbà tí mo wọlé. Wọ́n dúró jìnnà sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì mi. Omi pupa ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti la erùpẹ̀ kọjá dé ìdí dóńgóyárò, eṣinṣin bò ó. Aránṣọ kó ọwọ́ lé orí.

"Ẹ̀jẹ̀ ni! Bùrọ̀dá Mẹ́tìrì, ẹ̀jẹ̀ kí ni? Àwàdà ni mo ṣe o, mò ń ṣàwàdà ni!"

Baba onílé ti ní kí wọ́n gé wáyà mi nídìí mítà láti ọjọ́ tí mo ti lọ. Òun náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. "Ṣí i," ó ní.

Mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò nídìí ṣòkòtò mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo ṣí firísà, lójú gbogbo wọn. Òórùn kíkan kọ lù wá. Ọ̀rá tó ti bẹ́ nígbà tí yìnyín ń wú, àwọn ló ń jò gba ihò ìdí firísà. Àwọn yòókù ń léfòó, wọ́n rọ̀, wọ́n gbóná, kókó wọn kò sì tíì tú. Ìyàwó mi mọ kókó ta.

Aránṣọ sún mọ́ ọn. Ó mú ọ̀kan, ó wo àjákù léèsì tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Léèsì yìí... èmi ni mo rán an. Aṣọ ìgbéyàwó tí mo rán nígbà òjò." Ó wò mí. "Yéè! Ọwọ́ rẹ̀ ló so èyí?"

Ó jókòó sínú omi pupa náà pẹ̀lú aṣọ lára rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu mọ́ rí, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ irú èyí, n kò rí i rí.

Mo mú èyí tí ìyàwó mi fi àdìrẹ so, mo fi lé baba onílé lọ́wọ́. N kò mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Bóyá nítorí pé ọmọ òun ló ń pè é. Baba wọ̀n ọ́n ní àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò pa kókó náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé e padà sí ọwọ́ mi, ó pa ìka mi dé lé e lórí.

"Báríkà," ó ní.

Mo fún un, ó gbà á, ó sì dá a padà. Madame kò kọ́ mi ní irú báríkà yẹn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí baba fi mú oníná wá, wọ́n so wáyà náà padà. Firísà bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí ló ń kùn ní igun kíláàsì. Òfìfo ni báyìí, lóòótọ́, nítorí gbogbo bísáàpù náà ti kan. Nígbà ooru, mítà a máa já, fáànù á dúró, aránṣọ á máa fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì rẹ̀ nínú òkùnkùn. Kò sẹ́ni tó ń bi mí ní nǹkan kan.