Ó Di Ibi Ùsinmi, Mojísọ́lá

Mojísọ́lá o, ó mà wá dìgbà! Àṣàbí ọmọ Ìyìn-Èkìtì, olùkọ́ tí í kọ́ ọmọ láì gbé pàṣán, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè tí gbogbo kíláàsì sì ń gbọ́, o lọ láì bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní kí ọkọ kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sínú ìwé ìsìnkú yìí. Èmi tí mo ń ta sípíà páàtì ọkọ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀, l'Adó-Èkìtì, kí ni mo mọ̀ nípa ìwé kíkọ? Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa ń sọ pé mo lè kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tí mo ń kọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ, n kò tíì pé ọdún kan ní Adó. Ìṣẹ́yìn ni mo ti wá, èdè Èkìtì kò tíì yé mi, bí oníbàárà bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀rín ni mo fi ń dá a lóhùn. Òjò ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. O gbé bàtà rẹ lọ́wọ́ wọlé, o ní o fẹ́ ra sípíríǹgì. Mo bi ọ́ pé irú ọkọ̀ wo lo ní. O ní o kò ní ọkọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lo ní, àti pé olùkọ́ físíìsì ni ọ́, láàbù ilé-ìwé yín kò sì ní sípíríǹgì kankan. Àwọn mẹkáníìkì tó jókòó níbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Mo wá ọ̀kan tín-ín-rín fún ọ, tó ti rọ̀ débi pé n kò lè tà á mọ́. O fi í kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà mi. O mú àgádágodo ṣọ́ọ̀bù mi, o so ó mọ́ ìdí rẹ̀, o rọra fà á wálẹ̀, o sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Àgádágodo náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, oòrùn ẹ̀yìn òjò ń tàn lára rẹ̀. N kò mọ bó ti pẹ́ tó tí a fi ń wò ó, àfi bí ẹni pé wọ́n kùn wá lóorun lójú ọ̀sán. Nígbà tí mo gbójú kúrò lára rẹ̀, ojú rẹ ni mo rí. N kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ náà.

A fẹ́ra, a bí Tóyìn, gbogbo ayé ń pè ọ́ ní Ìyá Tóyìn. Ìgbà tí Èkìtì di ìpínlẹ̀, tí à ń palẹ̀ àpótí mọ́ láti kó lọ sílé tuntun, lo rí ìwé èsì ìdánwò mi àtijọ́. Mo ti fi í pamọ́ fún ọ láti ọjọ́ tí a ti mọra. Físíìsì ló gbé mi ṣubú, ìtìjú ìyẹn ni kò jẹ́ kí n padà sílé-ìwé. O kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. O ní kí n lọ gba fọ́ọ̀mù GCE, kí n jókòó fún físíìsì nìkan. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi máàkì ṣe ní ọjọ́ orí mi. O ní, “Mi ò ní kí o gba máàkì, Bàbá Tóyìn. Mo ní kí ó yé ọ.”

Láti ìgbà náà, ọ̀sán Sátidé di tiwa. O ó jókòó sórí táyà, n ó jókòó sórí àpótí, àgádágodo á wà láàárín wa, á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má bínú, mo bá a jiyàn gan-an. Nínú iṣẹ́ tiwa, ṣọ́kì ni í gba ìgbọ̀n ọkọ̀ mọ́ra. Bí a bá fẹ́ dán an wò, a ó tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, a ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tó dúró, ṣọ́kì dára. Bí ó bá ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ ṣáá, ṣọ́kì ti kú nìyẹn. Ìwọ wá ní èyí tí kì í dúró yẹn gan-an ni ìwé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, pé kí n yọ ṣọ́kì kúrò lọ́kàn mi ná. Mo ní ìwé yín kò mọ ọkọ̀. O rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ.

O fọwọ́ tọ́ka sí àárín, ibi tí àgádágodo máa ń wà bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. O ní ibẹ̀ ni ulé rẹ̀, bí ẹ̀yin Èkìtì ti ń pe ilé. O ní, “Bí ó bá ṣe jìnnà sí ulé tó, bẹ́ẹ̀ ni ulé ń fà á tó. Gbogbo rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Èyí yé èmi ọmọ Ìṣẹ́yìn dáadáa. Ṣùgbọ́n o tún pe àárín yẹn ní ibi ùsinmi, o sì ní ibẹ̀ gan-an ló ti ń sáré jù. Mo fi ùsinmi rẹ ṣẹ̀fẹ̀, mo ní ìsinmi ni wọ́n ń pè é. Mo ní ẹni tó bá délé, ṣé kò yẹ kó jókòó? Ibẹ̀ ni mo há sí, oṣù lé oṣù.

Àìsàn dé, ó sì sọ ọ́ di ẹni orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ọjọ́ ìdánwò pé, mo ní n kò lọ síbìkan. O di ọwọ́ mi mú, o ní kí n lọ, kí n padà wá sọ fún ọ. Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí ó yé mi kí o tó lọ. Ẹrù ìyẹn ni mo gbé wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí.

Ìbéèrè náà wà níbẹ̀: níbo ni ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ ti ń yára jù, kí sì nìdí? Mo di ojú mi. Mo rí ọjọ́ tí èmi àtìwọ ń lọ kí ìyá rẹ ní Ìyìn, lásìkò tí epo wọ́n. Awakọ̀ wa pa ẹ́ńjìnnì lórí òkè kí epo má baà tán. Ọkọ̀ ń yí lọ nínú ìdákẹ́jẹ́, igbó ń sá kọjá, atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè rẹ. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí ohunkóhun kò fà wá mọ́, eré wa pọ̀ jù lọ, eré tí a ti kó jọ bọ̀ látòkè ló sì gbé wa gun òkè kejì. O fún ọwọ́ mi pọ̀ nísàlẹ̀ yẹn, o ní kí n wò ó. N kò rí i nígbà náà. Inú gbọ̀ngàn ni mo ti rí i pé bí ìsàlẹ̀ yẹn ni àárín àgádágodo ṣe rí, tí omijé ń bọ́ sórí ìwé mi.

Ọ̀kadà ni mo gùn dé ọsibítù, mo sì ka ìbéèrè náà sí ọ létí. O la ojú, o ní, “Níbo ni?” Mo ní, “Níbi ùsinmi ni.” Mo pè é bí ìwọ ti ń pè é. O rẹ́rìn-ín músẹ́, o ní, “Ó yé ọ wàyí.” Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta lo lọ.

Èsì ìdánwò kò tíì jáde, n kò sì dúró dè é. Àwọn ènìyàn ń bá mi kẹ́dùn, wọ́n ní o ti wọ ìsinmi. Ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi pé kí n bá wọn jiyàn, nítorí o ti kọ́ mi pé a kì í dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ mi. Ohun tó bá ní ṣọ́kì, bó pẹ́ bó yá, á délé, á sì dúró. Ìwọ ti délé, o sì ti dúró. Èmi ni ṣọ́kì mi kú, Mojísọ́lá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù àti ilé tí o kò sí níbẹ̀ mọ́, bí mo bá sì ṣe jìnnà sí ọ tó, bẹ́ẹ̀ lo ń fà mí tó.

Má dúró dè mí, ó ti rẹ̀ ọ́. Sùn re o, Àṣàbí mi, sùn re ní ibi ùsinmi.