Tàdáwà Tó Ń Rìn Lápá Mi

Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé tàdáwà máa ń rìn. Èrò mi ni pé bí wọ́n bá ti fín nǹkan sára èèyàn, ibi tí wọ́n fín in sí náà ni yóò wà títí ilẹ̀ yóò fi pa ẹni náà mọ́. Oríkì ìyá mi ni mo ní kí wọ́n fín sí mi lápá òsì, lókè ìgúnpá díẹ̀, ní apá inú tí oòrùn kì í sábà dé. Ọdún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Ìlọrin ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, dókítà ní ewu ti fò ó. Mo jáde pé kí n lọ ra búrẹ́dì, mo wá rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń gẹrun níwájú, tí wọ́n sì ń fín tátù lẹ́yìn. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ara mi, bí mo bá ro nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, n kì í ṣe é mọ́.

Ọkùnrin tó fín in ki abẹ́rẹ́ wọlé jù. Mo mọ̀ nísinsìnyí. Lọ́jọ́ náà, ṣe ni mo ń dúpẹ́ pé ó ń dùn mí, mo rò pé bó bá ṣe dùn tó ni yóò ṣe pẹ́ tó. Ẹ̀mí ìyá mi ni mo fẹ́ kó pẹ́, kì í ṣe tátù, ṣùgbọ́n orí mi ti dàrú, n kò mọ ìyàtọ̀.

Mo wá gbé apá wálé, ó di ohun àpamọ́. Bàbá mi jẹ́ díákónì ní Àrándùn. Lójú ìyá mi, ẹnikẹ́ni tó bá fín nǹkan sára, ọmọ ìta ni. Èmi alára, olùkọ́ ni mo jẹ́ ní Ọ̀mù-Àrán, èmi ni mo máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì lọ fọ àwòrán tí wọ́n fi bírò yà sọ́wọ́ kúrò. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀. Gánmọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ iná, ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Mo mú un búra pé kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ àwọn ará ilé wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò ní sọ. Bí ọkọ mi bá sì ti ní òun ò ní sọ, kò ní sọ náà nìyẹn. Nígbà mìíràn, ìyẹn gan-an ló máa ń bí mi nínú nípa rẹ̀.

Kò ju oṣù kan lọ tí mo fi rí i pé ẹ̀gbẹ́ àwọn lẹ́tà náà ti ń ní òjìji. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, òjìji náà fẹ̀ sí i, bí ìgbà tí bírò bá tú sí àpò ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Àwọn lẹ́tà sanra, wọ́n fara kan ara wọn, àwọ̀ aró sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ awọ lọ sápá ìgúnpá, ó fẹ̀ tó ìka méjì, etí rẹ̀ wá ń pọ́n bíi ewé tó fẹ́ rọ. Mo pe ọkùnrin tó fín in. Ó ní, "Tàdáwà ti rìn ni, mọ̀mí. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára ẹlòmíràn." Bí ẹni pé èmi ni mo rán tàdáwà náà níṣẹ́. Mo lọ bá dókítà awọ ara ní Ìlọrin, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò léwu, ṣùgbọ́n kò ní lọ.

Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀, kò balẹ̀. Ara mi kì í gba kí nǹkan kan wà bó ṣe wà. Mo ń fi rúlà àwọn ọmọ kíláàsì wọ̀n ọ́n ní ilé ìyàgbẹ́ àwọn olùkọ́. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á, mo fi òrí pa á, mo fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn bó o títí awọ fi pọ́n tó sì wú. Bí mo ṣe ń bó o tó ni ó ń burú tó. Ọkọ mi ní, "Fi apá yìí sílẹ̀ kó sinmi." Mo ní kó lọ fi wáyà iná rẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi.

Nígbà ọyẹ́, mo lọ bá ìyá mi ṣe èlùbọ́ ní Àrándùn. Kí n tó kúrò nílé, mo fi báńdéèjì wé ibi tí àwọn lẹ́tà wà, kí àṣírí má bàa tú bí ọwọ́ aṣọ bá sún sókè. Mo rò pé mo gbọ́n. A bẹ iṣu, a gé e, a gbé omi kaná. Ìyá mi kì í jẹ́ kí omi èlùbọ́ hó, ó fẹ́ kó gbóná débi tí ọwọ́ ò ní lè gbà á, kó sì dúró níbẹ̀. Bó ṣe gbóná dé ibi tó fẹ́, ó ní kí n tètè gbé ìkòkò kúrò. Mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè láìronú, mo gbé ìkòkò. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ìyá mi ti dúró, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo apá mi. Kò rí lẹ́tà kankan. Ohun tó rí ni báńdéèjì, àti àwọ̀ aró òun pípọ́n tó yọ jáde lábẹ́ rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́ lápá?"

"Ilẹ̀kùn ni, màámi. Mo fi gbá ilẹ̀kùn."

"Inú apá lo fi gbá ilẹ̀kùn?"

Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀. Mo ti bó o lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ta mí, mo sì fa apá mi sẹ́yìn. Ìyá mi padà sídìí iṣu rẹ̀, ó ń gé e lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó gé lẹ́yìn ìyẹn kò dọ́gba, òun tó jẹ́ pé bí mo bá gé tèmi wọ́gọwọ̀gọ, ó máa ń sọ pé ṣé ewúrẹ́ ni mo fẹ́ fi bọ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ti tán. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò jẹ́ kí fóònù mi sinmi. Ṣé ọkọ mi wà nílé? Ìgbà wo ló ń bọ̀? Ṣé mo ti jẹun? Ohùn rẹ̀ á rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí èyí tí a fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó gun ọ̀kadà láti Àrándùn, ó yọ sí mi ní ilé ẹ̀kọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó fà mí lọ sídìí igi máńgòrò, ó ká ọwọ́ aṣọ mi sókè kí n tó mọ ohun tó ń ṣe. Báńdéèjì ṣì wà níbẹ̀. Àwọ̀ náà wà bó ṣe wà.

"Ẹ̀jẹ̀ tó bá kú sára kì í pẹ́ tó báyìí," ni ó wí. "Á jẹ́ pé ọkọ rẹ tún lù ọ́, ojú kan náà ló sì lù."

"Màámi, kò lù mí. Kò lù mí rí."

"Bẹ́ẹ̀ náà là ń wí."

Kí ló dé tí n kò tú báńdéèjì náà níbẹ̀? Ẹ̀rù bà mí, ojú sì ń tì mí. Irọ́ àkọ́kọ́ kéré, mo ti wá pa èkejì àti ẹ̀kẹta lé e lórí. Mo tún rò pé bí mo bá ń tẹnu mọ́ ọn pé kò lù mí, yóò gbà bó pẹ́ bó yá, torí òtítọ́ ṣáà ni. N kò mọ̀ pé òtítọ́ máa ń jọ irọ́ lẹ́nu ẹni tó ti purọ́. Ó wo ọrùn mi, ó wo apá kejì, ó sì padà lọ.

Bàbá mi ló pè wá. Ó ní kí ọkọ mi àti èmi wá sí Àrándùn lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn. Mo mọ ohun tí wọ́n pè wá fún, ọkọ mi náà mọ̀. Nínú ọkọ̀, ó ní, "Sọ fún wọn kó tó di wàhálà." Mo ní bí a bá débẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo máa sọ ọ́ o. Èmi ti búra." Mo ní mo gbọ́. Mo ń tú bọ́tìnnì ọwọ́ aṣọ mi, mo sì ń dè é padà, títí a fi dé.

Bàbá mi jókòó lórí àga onírọ̀gbọ̀kú rẹ̀, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wá láti Àjàṣẹ́, òun ni ó gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí nínú wọn, òun ni a sì máa ń ránṣẹ́ pè bí ọ̀rọ̀ bá le, nítorí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìyá mi jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọkọ mi wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọlúàbí ni, bó bá bá àbúrò mi obìnrin tó kéré jù lójú títì, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Bàbá mi kò ní kó dìde.

Àbúrò bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀. "Ìyàwó rẹ nìyí. Apá rẹ̀ dúdú láti ìgbà ọyẹ́. Ṣé o lù ú àbí o ò lù ú?"

Àna kì í na ọwọ́ sí àwọn àna rẹ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Bí wọ́n bá pè é lẹ́jọ́, tó jàre o, tó jẹ̀bi o, ọ̀rọ̀ kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ mi gbé ẹnu lé ilẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà."

"Wàláì, ó ti jẹ́wọ́," ni àbúrò bàbá mi wí.

"Bàbá kékeré, kò lù mí," ni mo wí.

"Ìwọ dákẹ́. Ìyá rẹ ti sọ pé o máa wí bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi tún ọ̀fun ṣe. Ohùn tó fi ń kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì ló mú jáde. Ó ní obìnrin kì í ṣe ìlù. Ó ní nígbà tí òun fún ọkọ mi lọ́mọ, òun ò fún un ní ẹgba. Ó ní nínú ilé tòun, kò sí ẹni tó gbọ́ igbe obìnrin rí, kí ó bi ìyá ìyàwó rẹ̀ léèrè bí irọ́ bá ni. Ìyá mi ń wo ilẹ̀. Bàbá mi wá ní èmi kò ní bá ọkọ mi padà sí Ọ̀mù-Àrán lọ́jọ́ náà, Àrándùn ni màá ti máa lọ síbi iṣẹ́, títí àwọn èèyàn rẹ̀ yóò fi wá. Ọkọ mi ṣì wà nílẹ̀. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, òógùn ti bò ó, mo sì kórìíra ara mi.

Mo dìde, mo bọ́ ọwọ́ aṣọ náà kúrò pátápátá, mo fa báńdéèjì ya, ó tu irun apá mi dání.

"Tátù ni," ni mo wí. "Èmi ni mo fín in. Oríkì màámi ni, nígbà tí wọ́n wà nílé ìwòsàn. Tàdáwà rẹ̀ ló tú sábẹ́ awọ. Ẹni tó wà nílẹ̀ yìí kò fọwọ́ kàn mí rí. Mo ní kó má sọ ni."

Àbúrò bàbá mi fi awò rẹ̀ sójú, ó sún mọ́ mi, ó gbìyànjú láti kà á, kò rí i kà. Bàbá mi ní, "Tátù. Ọmọ díákónì." Ó dà bí ẹni tó fẹ́ bínú, ó sì dà bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ ti fúyẹ́.

Ìyá mi dìde lórí àpótí. Ó gbá apá mi mú. Mo ń retí pé yóò fi ìka gbá mi lórí. Ó fi àtàǹpàkò tọ ibẹ̀ lọ, láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀ ibi tí àwọ̀ náà rìn dé.

"Kì í ṣe òun ló ṣe é?"

"Kì í ṣe òun, màámi."

"Lóòótọ́?"

"Lóòótọ́."

Ó sunkún díẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú. Lẹ́yìn náà ó kojú sí àbúrò bàbá mi, ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá torí ọmọ mi. Kí n tó bí i, apá tèmi dúdú ju báyìí lọ, kì í sì í ṣe tàdáwà. Ẹ rí i. Ìyá mi rí i. Ẹnì kankan ò pe ìpàdé."

Àbúrò bàbá mi bọ́ awò rẹ̀, ó ń nù ún. Mo wo bàbá mi, mo ń dúró kó sọ pé irọ́ ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ lórí itan ló ń wò. Ọkọ mi ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀, nítorí bàbá mi ò tíì ní kó dìde.